Ẹsẹ òfin tó yẹ ká pa rẹ́

Lágogo mẹ́wàá àárọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé, ẹ óò rí ọmọbìnrin tó ru igbá ẹ̀pà lọ́jà Ìpàtà, ní Ìlọrin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Kwara náà ti sọ di tirẹ̀, lòdì sí kí ọmọdé máa kiri ọjà lójú títì, ó sì ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ relé ọkọ.

Ṣùgbọ́n abala 29 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní obìnrin tó bá ti lọ́kọ ti dàgbà. Lóòótọ́, kíkọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ ni abala náà dá lé, àmọ́ ihò tí àwọn tó ń fẹ́ ọmọdé ń gbà wọlé bí eku nìyẹn. Lóṣù keje 2013, àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò pé kí wọ́n yọ ẹsẹ yẹn kúrò. Níjòkòó kan náà, wọ́n tún ìbò dì, ọ̀rọ̀ sì dorí kodò: ẹsẹ náà dúró. Ariwo àwọn obìnrin kò yí i padà.

Lọ́dún 2023, obìnrin márùn-ún wọ Ilé Aṣòfin Kwara. Ẹ̀yin ìyá wa, Abújá nìkan kò lè tún ìwé òfin ṣe. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tún gbé e dé, ẹ jẹ́ kí Kwara kọ́kọ́ dáhùn.