Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Oníṣègùn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìpalára Okó àti Ẹpọ̀n

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe yìí gún régé láàrin àgbà, ṣùgbọ́n kò wúlò níwájú oníṣègùn. Ọkùnrin tí nǹkan fún ní okó kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ní ojú ara ń dun òun, tàbí pé kinní kan ń ṣe òun. Ojú ara kan náà ni a sì fi ń pe ti obìnrin. Àdàpè náà kò sọ ibi tí ó ń dunni, kò sì sọ ohun tí ó fa ìrora.

Ní etíkun Àgbádárìgì, ọ̀ràn náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògù, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ègùn, ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè kejì fún wọn. Ẹni tí ó kọ́ Yorùbá lọ́jà kò jogún àdàpè inú rẹ̀. Bí a bá fi àdàpè bi í léèrè, ohun tí ó gbọ́ ni yóò dáhùn, kì í ṣe ohun tí a bi í.

Ìpalára mẹ́ta ni ó yẹ kí èdè yà sọ́tọ̀. Nínú èkíní, òrùka, okùn tàbí irun a yí okó ká, a sì fún un. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń padà ni ó kọ́kọ́ ń dí. Okó a wú, wíwú náà a sì mú kí òrùka fún un sí i, títí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wọlé pàápàá yóò fi dúró, tí ẹran ara yóò sì kú. Kí a tètè gé ohun náà kúrò ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Òrùka Plastibell tí a fi dábẹ́ fún ọmọ a máa já fúnra rẹ̀ láàrin bí ọjọ́ 5 sí 10. Bí ó bá tóbi jù, ó lè sún sẹ́yìn kí ó sì fún ọ̀pá okó. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Nàìjíríà ti kọ ìròyìn irú èyí.

Nínú èkejì, kò sí ohun kankan lóde ara: okùn tí ẹpọ̀n so rọ̀ sí ni ó lọ́. Bí a kò bá tú u láàrin bí wákàtí 6, ẹpọ̀n lè kú. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó ṣubú lé etí ọkọ̀ ojú omi, tí ẹpọ̀n rẹ̀ tẹ̀ tí ó sì fọ́. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń rán an.

'Ìfún' nìkan kò tó fún èkíní, nítorí pé bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, 'ìfun' inú ni òǹkàwé yóò kà. 'Ìfúnpá' náà ti níṣẹ́: oògùn tí a ń so mọ́ apá ni tẹ́lẹ̀, a sì ti ń lò ó fún ti ẹ̀jẹ̀. 'Ìfúnpinpin okó' ni ó yẹ, nítorí pé 'pinpin' fi hàn pé kò sí àyè mọ́. Kí èkejì jẹ́ 'ìlọ́ okùn ẹpọ̀n', kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ 'ìtẹ̀fọ́ ẹpọ̀n'.

Àwọn kan yóò ní àlùfàǹṣá ni okó àti ẹpọ̀n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ ẹ̀yà ara ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí imú àti etí. Ibi tí a ti sọ wọ́n àti ìdí tí a fi sọ wọ́n ni ó ń sọ wọ́n di èébú. Yorùbá sì ti ní ọ̀nà àbáyọ: a ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, lẹ́yìn náà a ń sọ ọ̀rọ̀ náà ní odindi.

Ní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti ìṣègùn náà ń fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ sì fi nọ́ọ̀sì ṣe alábàáṣe níbẹ̀. Níbi tí wákàtí 6 ti lè pinnu bóyá ẹpọ̀n yóò yè, kò sí àyè fún ààbọ̀ ọ̀rọ̀.