Kóró Nìkan Kọ́ Ni Ìkórè Kajú

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá gba inú oko kajú kọjá ní oṣù kẹta ọdún, yálà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èjìgbò tàbí ní Ẹ̀rúwà, òórùn ọtí ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Èso pupa àti èyí tí ó pọ́n rúsúrúsú yóò tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, eṣinṣin yóò sì bò wọ́n. Ẹni tí ó ni oko ti yọ kóró ìdí wọn, ó ti dì í sínú àpò, ó ń retí oníṣòwò. Pàǹtí ni ó ka èyí tí ó kù sí. Èrò tèmi ni pé ohun tí a ń pè ní pàǹtí yìí gan-an ni ó pọ̀ jù nínú ìkórè wa, àti pé àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa dà á nù.

Ẹ gbé e lé ìwọ̀n kí ẹ rí i. Èso kajú a máa wúwo ju kóró ìdí rẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún títí dé mẹ́wàá. Bí kóró tútù tí ẹ kó bá jẹ́ 80 kílò, èso tí ó jẹrà sí oko kò lè dín ní nǹkan bí 400 kílò.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Nínú gíráàmù 100 ọsàn, fítámì Sí tí a ń rí kò ju nǹkan bí 50 mílígíráàmù lọ. Nínú gíráàmù 100 èso kajú, a máa ń rí 200, nígbà mìíràn ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kò nílò tó 100 mílígíráàmù ní ọjọ́ kan. Èyí já sí pé èso kan ṣoṣo tí ọmọdé bá jẹ ní òwúrọ̀ ti tó o fún ọjọ́ náà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ewébẹ̀ wọ́n.

Fítámì nìkan kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àdá tí a gbàgbé sí oko: afẹ́fẹ́ àti ìrì a mú kí ó dípẹtà. Ohun tí ó fara jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn. Bí ara ti ń lo oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ni àwọn èròjà kan ń jáde tí wọ́n ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn èròjà tí ń dí wọn lọ́wọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant. Fítámì Sí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọ̀ tí ó mú èso kajú pọ́n jẹ́ òmíràn. Ohun tí ń fún wa ní ọ̀fun nígbà tí a bá jẹ ẹ́, tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ọ́ nù, òun náà wà lára wọn. N kò sọ pé èso kajú ń wo àrùn kankan o. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́jà, oògùn ni ó fẹ́ tà.

Kódà nígbà tí a bá ti fún omi rẹ̀ tán, èèrí tí ó kù kì í ṣe ohun àdànù. Púpọ̀ nínú àwọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èèpo ọsàn rí: fítámì Sí inú èèpo ju ti inú ọsàn fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ èéfín tí a fi ń lé ẹ̀fọn ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fún mi. Ẹ ó ní kóró lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n èso kì í lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kí ó tó bàjẹ́. Òtítọ́ ni. Ẹ ó tún ní oníṣòwò kò béèrè rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí náà, ẹ̀bi rẹ̀ sì kan àwa tí ń ṣe ìwádìí, nítorí pé fún ọdún púpọ̀, kóró ni a ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Brazil, níbi tí àwọn Potogí ti mú igi yìí wá sí Áfíríkà, kò dúró de oníṣòwò òkèèrè. Ní ìpínlẹ̀ Piauí, wọ́n ń fún omi èso náà, wọ́n ń sẹ́ ẹ títí tí yóò fi mọ́ gaara, wọ́n sì ń sè é nínú ìgò. Cajuína ni wọ́n ń pè é, ìjọba wọn sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2014. Ní Goa, ní ilẹ̀ Íńdíà, ọtí feni ni wọ́n ń fi pọn. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Bìnì Olómìnira, àwọn ènìyàn ń rọ omi kajú sínú ìgò tà.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ ṣa èso ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, èyí tí kò fọ́. Ẹ yọ kóró kúrò kí ẹ tó fún un, nítorí epo inú èèpo kóró a máa bó ènìyàn lẹ́nu àti lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lo ìkòkò irin, yóò sọ omi náà di dúdú. Abọ́ tánganran tàbí ike ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá da omi ìrẹsì tí ó ki díẹ̀ sí i, ohun tí ń fún ọ̀fun yóò dì, yóò sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra da èyí tí ó mọ́ lókè, ẹ gbé e kaná, ẹ sì rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò tí ẹ ti sè.

Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò kò ní láti ṣe wàhálà ìgò. Kí ó gé èso sí wẹ́wẹ́, kí ó sá a pẹ̀lú èèrí lórí àtẹ gíga, kì í ṣe lójú títì tí ọkọ̀ ń da eruku àti epo sí. Ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ yóò jẹ ẹ́ nígbà tí koríko bá gbẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ oúnjẹ wọn nìkan: ohun tí ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ewé àgúnmániyè kún un fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jẹ èyí tí ó ti kan lábẹ́ igi, ọtí ti wọ inú rẹ̀.

Òjò oṣù kẹrin kì í jẹ́ kí ohun tí a sá gbẹ. Oṣù kejì, nígbà tí èso àkọ́kọ́ bá bọ́, ni kí ẹ ti kan àtẹ yín.