Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Tilẹ̀kùn

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé Kali Linux sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní hacking." Mo bi í pé, "Ṣé o mọ bí o ṣe lè rí ẹni tó láyè láti ka fáìlì kan lórí ẹ̀rọ rẹ?" Ó dákẹ́.

Mi ò bá a wí, torí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ààbò kọ̀ǹpútà ti dorí kodò. À ń sáré kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́lé onílé, a ò sì tíì mọ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo dé Manchester láti wá kàwé, mo yá sáfà kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo kó ohùn ìyá mi àgbà sí: oríkì ìdílé wa àti àlọ́ tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù kí n tó kúrò nílé, mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Fóònù mi ti kún, ni mo bá ń pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Root ni mo fi ń wọlé sórí sáfà náà. Orúkọ mi pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí mi ni ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Mo ní, ta ló máa ráyè wá wo sáfà akẹ́kọ̀ọ́?

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan fi wọlé, tó ń fi sáfà mi kọlu ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ tó ni sáfà kọ̀wé sí mi, mi ò tètè ka á. Nígbà tí mo máa fi kà á, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù. Márùn-ún ti lọ. Ìyá àgbà náà ti lọ, kò sẹ́ni tó lè tún un sọ fún mi mọ́.

Torí náà, ẹ má sọ pé "Ta ló mọ̀ mí?" Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ yín. Àdírẹ́sì IPv4 orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí ní University of Michigan gbé ZMap jáde, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè kan irú ilẹ̀kùn kan lára gbogbo wọn kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀rọ kì í béèrè orúkọ. Àwọn àgbà ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Báwo la ṣe wá ń dí ògiri? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó nilé. Linux dà bí agboolé: fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olóhun, ó ní ẹgbẹ́, àwọn yòókù sì jẹ́ ará ìta. Ẹ tẹ `ls -l`, ẹ máa rí àyè tí kálukú ní. 4 dúró fún kíkà, 2 fún kíkọ, 1 fún mímú fáìlì ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ `chmod 600`, olóhun nìkan ló lè kà á, tó lè kọ nǹkan sí i. Root wá dà bí baálé tó kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá dání. Ẹ má máa fi root gbé ayé. Ẹ dá orúkọ tiyín sílẹ̀, kí ẹ máa lo `sudo` nígbà tó bá pọn dandan.

Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún 1995, olè kan ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà lórí nẹ́tíwọ̀kì Helsinki University of Technology. Ìyẹn ló mú kí Tatu Ylönen, olùwádìí kan níbẹ̀, ṣe SSH, tó ń di ọ̀rọ̀ wa kí ẹlòmíì má lè gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ aṣínà yín bá rọrùn, SSH ò lè gbà yín. Ẹ lo `ssh-keygen -t ed25519`. Ó máa fún yín ní méjì: ọ̀kan tí ẹ máa gbé sórí sáfà, ọ̀kan tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín láéláé. Bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ wọlé láti fèrèsé kejì, tó sì ṣiṣẹ́, ẹ wá kọ `PasswordAuthentication no` àti `PermitRootLogin no` sínú `/etc/ssh/sshd_config`, kí ẹ tún SSH gbé dìde. Ẹ má pa fèrèsé àkọ́kọ́ dé o, kí ẹ má baà ti ara yín síta! Ẹ wo inú fódà `sshd_config.d` náà, torí ohun tó wà níbẹ̀ lè borí tiyín.

Àtúnṣe ńkọ́? `sudo apt update` kàn ń lọ gbọ́ ìròyìn ohun tuntun ni. `sudo apt upgrade` ló ń gbé e wọlé. Ẹ̀dà fáìlì yín náà, ẹ fi sí ibòmíì, kí ẹ sì dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà. Ká ní mo ṣe ìyẹn ni!

Ẹlòmíì lè sọ pé iṣẹ́ asọ́lé ni gbogbo èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ẹ gbọ́ eléyìí. Ní March 2024, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú XZ Utils, kí ó tó dé ọ̀pọ̀ sáfà káàkiri ayé. Olè kọ́ ló ń wá. Ó kàn mọ bí ilé rẹ̀ ṣe máa ń rí ni.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyẹn. Mo ní kó yá sáfà kékeré kan, kó tì í dáadáa, kó wá máa ka `sudo journalctl -u ssh` láràárọ̀. Ó pè mí lánàá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò yéé kanlẹ̀kùn o! Láàárín òru!" Mo bi í pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni wọlé?" Ó ní rárá.

Mo ní ó yá, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.