Ẹ má fojú kéré oníbàárà tó ti fẹ̀yìn tì

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé ọwọ́ ọ̀dọ́ lowó wà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kó ọjà, ọ̀dọ́ náà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ tún ṣọ́ọ̀bù ṣe. Bí àgbàlagbà bá yà, wọ́n á ní kí ló fẹ́ rà. Àṣìṣe gbáà nìyẹn, ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Longino ti Yunifásítì Wake Forest, tó kú lọ́dún 2008, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí nípa ibi táwọn ará Amẹ́ríkà ń kó lọ tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Inú èsì ìkànìyàn ló ti rí i. Títí di ọdún 2000, wọ́n máa ń béèrè níbẹ̀ pé níbo lèèyàn ń gbé lọ́dún 5 sẹ́yìn. Longino rí i pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ń kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kò pọ̀, nǹkan bíi 5 péré ni nínú 100 láàárín ọdún 5. Àmọ́ Florida ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Òtútù ibẹ̀ kò le, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í sì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé féèyàn. Àwọn àgbà yìí ò wá du iṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí owó, Florida ni wọ́n ti wá ń ná an. Nínú ìkànìyàn 2020, nǹkan bíi 21 nínú 100 èèyàn ibẹ̀ ló ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. The Villages, ìlú táwọn tó fẹ̀yìn tì pọ̀ sí jù níbẹ̀, àtàwọn àgbègbè rẹ̀ fi 39 nínú 100 gbòòrò sí i láàárín 2010 sí 2020. Kò sí àgbègbè ìlú ńlá kankan ní Amẹ́ríkà tó yára dàgbà tó o.

Àmọ́ ibi tó yẹ kí oníṣòwò ti ṣí etí dáadáa nìyí. Lọ́dún 1987, Longino àti Eugene Litwak kọ ọ́ pé ìrìn àgbà lè pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, nígbà tí ara ṣì le, ibi tó gbádùn mọ́ni ni wọ́n ń lọ. Ìkejì, nígbà tí ara bá ń kọṣẹ́, wọ́n á sún mọ́ ọmọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìkẹta, bí àìlera bá ju agbára ọmọ lọ, wọ́n á gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń rìn ín tán, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá kó ọjà sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ nìkan, ọjà rẹ̀ á kú tó bá yá.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, ọ̀pọ̀ ló ń fi Èkó sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lọ sílé tí wọ́n kọ́ sí Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì. Ìyàtọ̀ kan wà o. Oṣooṣù lowó ń wọlé fún àgbà Florida. Níbí, àwọn tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ló pọ̀ jù, pàápàá àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá ló ń lo ọjà, ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí London ló ń sanwó.

Ẹni tó bá mọ èyí á gba nọ́ńbà fóònù ọmọ náà. Á máa gbé ọjà dé ilé bàbá, á sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó. Á gbé àga kan sí ṣọ́ọ̀bù, á kọ iye owó ọjà gàdàgbà, á tún àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣe kí àgbà má baà ṣubú. Kò sí èyí tó gba owó ńlá níbẹ̀. Ọmọ tó bá rí i pé wọn kò rẹ́ bàbá òun jẹ kò ní wá oníṣòwò mìíràn.