Ilé Tí Kò Nílẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé Èsìẹ́ yóò ti rí àwọn ère òkúta ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó lórí àpótí; wọn kò fìdí kanlẹ̀. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, fi ọ̀rọ̀ wọn tó àwọn aláṣẹ létí. Nígbà tó di 1945, wọ́n ti kọ́lé fún wọn, ilé tó di mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. N kò bá àwọn ère jowú o. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, nílùú tí a ti mọ̀ pé òkúta kò yẹ kó wà lórí ilẹ̀ lásán, èé ṣe tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara yóò fi máa sùn sínú eruku nínú ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́?

Eruku ni mo wí, n kò sì ṣàsọdùn. Àbúrò ìyá mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, rí ilé gbà nínú àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti kan páànù. Ó gbálé lẹ́ẹ̀kíní, eruku jáde. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, eruku kò dín kù. Àṣé ilẹ̀ ilé gan-an ló ń gbá dànù! Bíríkìlà tó wá wò ó sọ pé yanrìn ti pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, wọn kò sì bomi rin ín. Òótọ́ ló sọ. Sìmẹ́ńtì tí a dà sílẹ̀ ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 7 kó tó gbó. Bí oòrùn bá fà á gbẹ lọ́jọ́ kejì, yóò máa hó ni. Kí a tó dé orí ìyẹn pàápàá, ohun tí àwọn bíríkìlà ń pè ní Jámánì fúlọ̀ ti ní láti wà lábẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí a gún tó le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sán, ọ̀rinrin yóò sì máa gòkè wá. Èyí kì í ṣe awo. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá fà á? Iye ilé ni àwọn aláṣẹ wa máa ń kà. Nígbà ìjọba Shagari, láàrin 1979 sí 1983, wọ́n ṣèlérí ilé 2,000 lọ́dún fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Kwara náà wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n parí kò tó nǹkan. Ilẹ̀ ilé ni iṣẹ́ ìkẹyìn, ìgbà tí owó ti tán, kò sì sí ẹni tó ń ya fọ́tò ilẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí onílé ṣe ilẹ̀ rẹ̀ bó ti wù ú. Èmi kò bèèrè táìlì olówó ńlá. Ṣùgbọ́n àwa tí ọmọ wa ń rá lórí ilẹ̀, tí à ń kúnlẹ̀, tí à ń dọ̀bálẹ̀, tí à ń tẹ́ní sùn, ta ló kọ́ wa pé ilẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán? Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ to àpáàdì ní ẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn. Títí di òní ni wọ́n ń hú u jáde. Ìtàn ẹnu ní Lúwòó, Ọ̀ọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Ìgbómìnà náà lu ilẹ̀ amọ̀, wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa á títí ó fi dán. Wọn kò ní àpò sìmẹ́ńtì kan, síbẹ̀ ilẹ̀ wọn kò hó tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìlera sì ni. Inú ilẹ̀ eléruku ni jìgá ti ń dàgbà kó tó wọ ẹsẹ̀ ọmọdé. Ní Mẹ́síkò, ìpínlẹ̀ Coahuila bẹ̀rẹ̀ ètò Piso Firme ní ọdún 2000: wọ́n ń da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ilé àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ tó fi ilé wọ̀nyí wé irú wọn ní ìpínlẹ̀ tó múlé tì í tẹ àbájáde jáde ní 2009: níbi tí sìmẹ́ńtì ti rọ́pò erùpẹ̀ pátápátá, aràn inú ọmọdé fi ìdá 78 nínú 100 dín kù, ìgbẹ́ gbuuru fi 49, àìtó ẹ̀jẹ̀ fi 81. Bí ẹnìkan bá ní sìmẹ́ńtì ni tiwa, kì í ṣe erùpẹ̀, kó wá bá wa gbá ilé àbúrò ìyá mi.

Àwọn ará wa tó gba ilé káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ìyà yìí: wọ́n á fa kápẹ́ẹ̀tì ayálégbé àtijọ́ ya dànù, wọ́n á sì fún ẹni tuntun ní kọ́kọ́rọ́ sí kọnkéré gbalasa, nínú òtútù. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé pariwo. Ìlànà tí ìjọba Wales gbé jáde ní 2023 sọ pé nígbà tí ayálégbé bá yí padà, àwọn yàrá gbígbé àti àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ní ohun tí a tẹ́ sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 16(2)(d), sọ pé kí ìjọba rí sí i pé ibùgbé tó yẹ wà fún gbogbo ọmọ ìlú. Abala 6(6)(c) sì ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi pè é lẹ́jọ́. Nítorí náà, inú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni kí a ti mú wọn. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n sìmẹ́ńtì, ìwọ̀n yanrìn, nínípọn Jámánì fúlọ̀ àti ọjọ́ ìbomirin sínú rẹ̀, kí wọ́n má sì san owó ìkẹyìn fún agbaṣẹ́ṣe tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń hó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ilé náà, kí gómìnà àti kọmíṣánà rẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé yàrá, kí wọ́n sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè kí àwọn oníròyìn rí i.