Ẹ fi Santorini sílẹ̀, ẹ wọkọ̀ Igbókòdá

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ikùn wa. Bí ẹ bá ṣí fóònù yín lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí fídíò ẹnì kan lórí ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ Gíríìsì: ilé funfun lórí òkè, omi aláwọ̀ búlúù, atẹ́gùn ń gbé fìlà. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọn kò tíì dé Àgbádárìgì rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ Santorini sí Mykonos. Àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn tilẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí mọ́, erékùṣù tó dákẹ́ bíi Folegandros ni ó wu àwọn. Kò burú, àlá kì í gba físà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n dárúkọ erékùṣù márùn-ún nínú ọ̀sà Èkó. Bí wọ́n bá ti pe Victoria Island àti Banana Island (èyí tí a fi yanrìn dá!), ó parí nìyẹn.

A kò bá ilẹ̀ Gíríìsì jà. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ohun tó yẹ kí a jowú níbẹ̀ kọ́ ni à ń jowú. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Express Skopelitis. Láti erékùṣù Naxos ló ti ń gbéra, a máa ya Iraklia, Schinoussa, Koufonisia àti Donousa, a sì máa dé Amorgos. Àwọn tó fi Iraklia yìí ṣe ilé kò tó 200. Èrò tó ń dúró de mọ́tò ní oríta Challenge láàárọ̀ ọjọ́ Ajé jù wọ́n lọ dáadáa. Síbẹ̀ ọkọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà ooru àti nígbà òtútù, nítorí pé ìjọba ń sanwó fún àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n má pa ọ̀nà tí kò mú èrè wá tì. Bí a bá túmọ̀ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀nà àgàn ni. Ẹ̀yin ọmọ lítíréṣọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ó yàgàn, wọn kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àlejò tó ń ya fọ́tò lórí ọkọ̀ náà kàn bá wọn wọ̀ ọ́ ni. Àwọn tó ń gbé erékùṣù ló ni ín.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Bí o bá ń gbé etí omi ní Èkó tí o kì í ṣe olówó, ṣe ni wọ́n ń wò ọ́ bí ẹni tó dí ọ̀nà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ Tarkwa Bay, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde nílé wọn. Wọ́n ní àwọn kan ń lu páìpù epo. Ó ṣeé ṣe kí olè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibo ni olè kò sí? Ṣé a ó wó gbogbo Challenge nítorí pé wọ́n já fóònù gbà ní oríta? Àwọn onífàájì ṣì ń lọ sí etíkun kan náà lónìí, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń gbọ́ orin, wọn kò sì béèrè ibi tí àwọn onílé wà. Bákan náà ni ti Gberefu ní Àgbádárìgì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọkọ̀ sọdá lọ síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò níbi tí a ti ń kó àwọn ẹrú kọjá sí òkun, wọ́n sì ń padà láì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò sí abúlé lórí erékùṣù náà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ lọ gan-an ni Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkun wà níwájú rẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ débẹ̀. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà kan tẹ ìlú náà dó. Àpò kan ni gbogbo wọn ń kó owó sí. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí ebi ń pa lọ́tọ̀. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn ní àwọn ọdún 1950. Àwọn apẹja ló ṣe gbogbo èyí lórí ẹrẹ̀! Lónìí, òkun ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, ó dé orí ibojì àwọn baba wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń ké sí ìjọba pé kí wọ́n bá àwọn dí òkun. Iṣẹ́ ìdènà tí wọ́n kéde kò dá omi dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé èdè la wá kọ́. Nínú kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ jẹ́ ara ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn, àti pé níbẹ̀ arọ́pò-orúkọ kan náà lè dúró fún "ẹ" àti "wọ́n". A há a sórí, a fi ṣe ìdánwò, a gba máàkì. Mélòó nínú wa ló ti jókòó ti ìyá kan tó ń yan ẹja, tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ìlú tí òkun ń lé kúrò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá lọ, èdè ibi tí wọ́n bá sá dé ni àwọn ọmọ wọn yóò máa sọ.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Omi léwu. Òótọ́ ni, ọkọ̀ ń dànù, ẹ̀mí ń lọ. Nítorí náà, ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù ìléfòó fún gbogbo èrò, ẹ má sì rìn lálẹ́. LASWA pàápàá ka ìrìn òru léèwọ̀ ní Èkó. Bí atukọ̀ bá kó èrò jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa bínú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ní ọ̀nà míràn, ewu yẹn náà ni ọmọ iléèwé ibẹ̀ ń wọ̀. Bí àwa tí a mọ̀wé kò bá wọ̀ ọ́ rí, ta ni yóò bá wọn bèèrè fún ọkọ̀ tó dára? Ẹlòmíràn yóò ní ibẹ̀ kò rẹwà. Ṣé torí ẹwà ni ẹ fi ń kọ́ Yorùbá ni?

Lọ́dọọdún ni ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa ń lọ sí Olúmọ tàbí Ìkógòsì. Àpáta náà kò ní sá, omi gbígbóná náà kò ní tutù. À ń gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ pé kí tọdún yìí jẹ́ Ayétòrò: ọjọ́ mẹ́ta, kí a sùn lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú, kí a san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún wọn, kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí owó wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá wa ra ẹ̀wù ìléfòó. Láti Challenge, Ìjẹ̀bú-Òde la ó gbà, kí a tó kọjá sí Òrè, Òkìtìpupa àti Igbókòdá. Ìdájí la ó gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa lórí omi. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.