Ẹ Wọn Omi Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni a máa ń jùmọ̀ sọ ní ojú ewé yìí. Ti oṣù yìí jẹ mọ́ ọkọ̀ àlòkù tí ènìyàn fẹ́ rà láti máa fi ṣe iṣẹ́ fífọ mọ́tò káàkiri, èyíinì ni pé kí ẹni tó ń fọ mọ́tò gbé omi, ẹ̀rọ àti ọṣẹ tọ oníbàárà lọ sí ilé tàbí ibi iṣẹ́, dípò kí oníbàárà wá tò sí ẹ̀bá títì.

Iṣẹ́ náà bá Ìgànmú níhìn-ín mu. Láti Costain dé Eric Moore, títí wọ inú Orílé, ibi iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọtí tó ti ń pọn ọtí níbẹ̀ láti ọdún 1949 ṣì wà (a kì í bá wọn mu ún, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní mọ́tò), bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn eré ńlá tí wọ́n kọ́ fún FESTAC ọdún 1977, èyí tí ìjọba fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Mọ́tò àwọn ènìyàn a máa wà lójú kan láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì fi mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, tó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Màrínà láti oṣù September 2023, kò ní bínú bí ó bá dé tó bá a ní fífọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, tó ti fọ mọ́tò lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún mẹ́rin, wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Oúnjẹ ni ìyá náà ń tà ní Orílé. Ọdún méjì gbáko ló fi dá àjọ, owó àjọ yìí ni wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀. Wọ́n ti rí kòròpé kan. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ mọ́, rédíò rẹ̀ ń kọrin. Wọ́n ní kí n gbàdúrà sí i kí wọ́n tó lọ sanwó. Mo ní a óò gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún mi iye omi tó fẹ́ máa gbé. Ó ní táǹkì onílítà 500. Mo bi í léèrè pé báwo ló ṣe wúwo tó. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wò mí. “Pásítọ̀, ṣebí omi lásán ni.”

Ẹ jọ̀wọ́, ibí yìí gan-an ni kí á dúró sí. Lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan. Lítà 500 jẹ́ kílógíráàmù 500, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá. Ta ni yóò di àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá sínú kòròpé ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, tí yóò tún dì í ní Túsìdeè, tí yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé, tí yóò sì retí pé kí ọkọ̀ náà pé ọdún kan? Omi nìkan sì kọ́ ni ẹrù. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ ìfọmọ́tò ṣiṣẹ́ yóò tó kílógíráàmù 40. Ẹ tún ka ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi jáde, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, rọ́bà gígùn, báàkẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ mọ́ ọn.

Àwọn kòròpé tí a mọ̀ ní Èkó, irú Suzuki Every àti Daihatsu Hijet, ìlú Japan ni wọ́n ti ṣe wọ́n fún ìlò tiwọn. Ẹnjíìnì wọn kò ju 660 cc lọ níbẹ̀, òfin ibẹ̀ sì fi ẹrù wọn mọ sí kílógíráàmù 350. Bí a bá yọ ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ kúrò nínú 350 yìí, omi tó ṣẹ́kù fún un kò ju nǹkan bí lítà 200 lọ. Kì í ṣe pé kòròpé burú o. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò tíì pọ̀ lè fi í ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì ń wọ àdúgbò tóóró. Ohun tó burú ni kí á fi lítà 500 sínú rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ iye omi tó nílò? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi ń lo lítà mẹ́fà sí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọṣẹ́, tí kì í fi omi ṣòfò nígbà tó bá ń fi ọṣẹ pa mọ́tò, lè fi nǹkan bí lítà 50 fọ mọ́tò kékeré kan tán. Nítorí náà, lítà 200 fọ mọ́tò mẹ́rin, lítà 500 fọ mẹ́wàá. Ẹ ka iye mọ́tò tí ẹ ń fọ̀ ní ti òótọ́ kí ẹ tó tún rí omi bù, kì í ṣe iye tí ẹ ń lálàá rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 50. Ìyẹn ni omi yín. Ìgbà tí ẹ bá mọ ìyẹn tán ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ̀.

Omi tún ní ìwà kan tí sìmẹ́ńtì kò ní. Sìmẹ́ńtì yóò dúró níbi tí a gbé e sí, ṣùgbọ́n omi ń rìn. Bí táǹkì bá dà dé ìdajì, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì níbi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Afárá Èkó, gbogbo omi náà yóò ya síwájú, yóò máa ti ọkọ̀ náà lọ. Bí ó bá yí kọ́nà, omi yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyí tí táǹkì kékeré méjì fi sàn ju ńlá kan lọ. Kí wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n súnmọ́ àárín ọkọ̀ ju ìdí lọ, kí wẹ́dà fi irin dè wọ́n mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Okùn kì í ṣe ohun tí a fi ń de omi.

Kí wá ni kí ènìyàn rà? Gbogbo ènìyàn yóò dárúkọ Toyota HiAce, wọn kò sì purọ́. Ó lè gbé bíi tọ́ọ̀nù kan, kò sì sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ kò ní rí rà ní Ládípọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ga, àwọn olè náà sì mọ̀ pé ó dára. Volkswagen Transporter tí ẹnjíìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, irú èyí tí a fi ń ṣe danfo láyé àtijọ́, kò fi àyè sílẹ̀ dáadáa fún táǹkì. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1990, tí ẹnjíìnì rẹ̀ bọ́ síwájú, sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń fa ara rẹ̀. Bí ẹ bá di gbogbo omi sí ìdí rẹ̀, iwájú yóò fúyẹ́, yóò sì máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Toyota LiteAce àti Nissan Vanette wà láàárín kòròpé àti HiAce.

Ní tèmi o, pick-up ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Kò fani mọ́ra, oníbàárà kan lè rò pé tòmátì lẹ gbé wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìdí tó sì fi ṣe pàtàkì ń bọ̀ níwájú. Peugeot 504 pick-up ti dàgbà púpọ̀ báyìí, ẹni tí kò bá mọ mẹ́káníìkì tó gbọ́ èdè rẹ̀ kí ó má ṣe dán an wò. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ńkọ́? Wọn kò gbà á láyè lórí àwọn òpópónà ńlá àti afárá, nítorí náà ẹni tí kò ní jáde kúrò ní àdúgbò rẹ̀ nìkan ló wúlò fún. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ sì wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí omi wà nínú ọgbà náà, ọkọ̀ wo ló ń wá? Kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, kí ó fi owó pamọ́.

Ọmọ ìyá olóúnjẹ yẹn ra LiteAce, ó sì gbé táǹkì onílítà 200 méjì sínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àlòkù. Láti ìgbà tí ètò SAP ti dé ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ni orúkọ Tòkunbọ̀ ti kúrò ní ti ọmọ ènìyàn nìkan, tó di ti ọkọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ohun tó bá ti òkun bọ̀ ti yege nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà tuntun lókè, ìpẹtà nísàlẹ̀! Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjì Harvey kọlu Texas ní 2017, àìmọye ọkọ̀ ni omi mù. Irú ọkọ̀ tí omi ti mù bẹ́ẹ̀ a máa wọ ọjà àlòkù káàkiri ayé. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi imú gbọ́ òórùn ibẹ̀. Ti àwọn tó wá láti Japan àti Ìlú Ọba tún yàtọ̀: ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbé ìdarí sí, àwa sì ti kúrò ní apá òsì títì láti ọjọ́ kejì oṣù April 1972. Bí wọ́n bá ti gbé ìdarí náà sí apá òsì, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ àti bí bíréèkì ṣe so mọ́ ẹsẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò.

Mẹ́káníìkì yín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹnjíìnì tó ti gbóná, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ inú ẹnjíìnì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí nǹkan tó dà bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Lára táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó dá dúró. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dúdú tó.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ẹ ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ kó iye kéègì onílítà 25 tó bá omi yín mu sínú ọkọ̀ náà. Kéègì mẹ́jọ ni lítà 200, ogún ni 500. Ẹ wá wà á lọ gun afárá, kí ẹ sì tẹ bíréèkì bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fò bí ẹyẹ ní òfìfo lè máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ fún yín láti dán an wò bẹ́ẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè yín. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé e wá fún àdúrà. Àdúrà mi kò lè so bíréèkì tó ti já.

Ní ti ìwé, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ wé ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀kan. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin dè é pé kí ọkọ̀ má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fi fàyàwọ́ gbé e láti Kútọnu, tó sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀wọ̀n ọkàn ló ń tà fún yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lójú títì, owó àjọ á bá a lọ. Ẹ má sì ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀. Ẹ mú díẹ̀ pamọ́ fún ọ́ìlì, bẹ́líìtì, bíréèkì, táyà àti epo, nítorí pé láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó ń fi ẹnjíìnì ńlá ṣeré mọ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ ń bọ̀. Àwa pásítọ̀ mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe nínú ilé àwọn ènìyàn; a ti bá wọn sin òkú rẹ̀. Ohun tó ń pani nínú èéfín yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bọ́ọ̀sì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré ju yàrá lọ, yóò sì yára kún jù ú lọ. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sí ìta kí ó tó tàn án, jìnnà sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti fèrèsé oníbàárà, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ṣíṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan kò tó. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní orí ń fọ́ òun, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ má ṣe ní kí ó lọ sinmi nínú ọkọ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.